Ìyá Àgbà Mi Tó Máa Ń Bi Ẹ̀rọ Pé, "Níbo Ni Mo Wà?"

Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá ìyá mi, ìdí mi kò gba àga mọ́. Bí mo bá jókòó sínú ilé, màá dìde lọ síta. Bí mo bá dé ìta, màá tún rántí pé mo gbàgbé nǹkan sínú ilé. Ìyàwó mi ní kí n lọ rí dókítà. Mo ní dókítà gan-an ni mo ń sá fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Ní àdúà ọjọ́ kẹjọ tí a ṣe fún wọn ní Òkè-Agbo, nínú Ìjẹ̀bú-Igbó wa níbí, ààfáà ti wàásù tán, oúnjẹ ti ń lọ, ni ọkùnrin kan tó mọ̀ wọ́n níbi iṣẹ́ bá gbé àwo rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Màmá mà gbìyànjú. Obìnrin tó lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń darí kọ̀ǹpútà odidi ilé ìwòsàn! Àfi ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn tí ọwọ́ wọn ṣì, tí wọ́n pa ìwé àwọn aláìsàn rẹ́. Ó dáa náà, ara àgbà ni."

Mo ní, "Àmín."

Kí ni mò ń ṣe àmín sí níbẹ̀? Ìrẹsì ló wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

Ọwọ́ wọn kò ṣì. Ọwọ́ tèmi ni. Ọdún márùn-ún nìyí tí orúkọ Sèlíátù, ìyá àgbà mi, ti wà nínú ìwé ilé ìwòsàn kan ní Àgọ́-Ìwòyè gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ba nǹkan jẹ́, tí èmi Múfútáù tó bà á jẹ́ sì jókòó sórí àga wọn, tí wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá. Ohun tí mo fẹ́ tú sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ báyìí tí mo sì dákẹ́, ẹ ò ní mọ irú ẹni tí mo ṣẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ohun tí à ń fi ìkánjú sọ, bí ara èmi tó ń sọ ọ́ kò tilẹ̀ balẹ̀.

Ẹ má rò pé irú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń fi ìka pa lójú lónìí ni tiwọn. Ojú tiwọn dúdú. Lẹ́tà ló wà lára rẹ̀, kò sí àwòrán kankan. Èèyàn á kọ ọ̀rọ̀ sí i, á tẹ ẹ́ńtà, ẹ̀rọ á fèsì. Létí omi ní Ìwòpin ni wọ́n ti kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ atẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan níbẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun dé, àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì ń yí i po bí ẹni tó rí ejò nínú ilé. Ìyá Àgbà ní òun kàn fa àga sún mọ́ ọn, òun ka ìwé tó bá a wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun sì tún un kà. Nígbà tí mo bi wọ́n pé ṣé ẹ̀rù kò bà wọ́n, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́, èmi náà sì lẹ́nu."

Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jà ni kó gbé máòsì wá síwájú wọn. Ẹnjiníà kan tó ti Èkó wá sí ilé ìwòsàn náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó fi ẹ̀rọ aláràbarà hàn wọ́n.

"Màmá, ẹ wò ó, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ báyìí ni. Ìrọ̀rùn ti dé."

"Ó dáa, ọmọ mi. Fáìlì irínwó ló wà níbẹ̀ yẹn, a kọ orúkọ gbogbo wọn lódì. Báwo la ṣe máa tún un kọ?"

"Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Màmá. Kò le rárá."

Wọ́n fa kíbọ́ọ̀dù sọ́dọ̀, wọ́n ṣe bìsìmílà, wọ́n kọ ìlà kan ṣoṣo, wọ́n tẹ ẹ́ńtà. Irínwó orúkọ yí padà kí ọ̀gbẹ́ni náà tó gbé ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀ kúrò lẹ́nu. Ó ń wo ojú ẹ̀rọ, ó ń wo ojú wọn. Ìyá Àgbà ti na ọwọ́ sí kẹ́tù wọn. "Máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ọmọ mi. Èmi ń lọ kírun."

Ìwà kan wà lára wọn tí gbogbo ilé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun lórí ẹ̀rọ, wọ́n á kọ lẹ́tà mẹ́ta, pwd, èyí tó ń sọ inú fódà tí èèyàn wà fún un. Wọn kì í kàn kọ ọ́ lásán. Wọ́n á fi ẹnu sọ ọ́ pẹ̀lú: "Níbo ni mo wà?" Ẹ̀rọ á fèsì. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà méjì, ls: "Kí ló wà níbí?" Ẹ̀rọ á to ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa sọ ohun tí wọ́n bá wá. Bí iná bá lọ tó tún dé, wọ́n á tún béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ ò kúò níbi tí ẹ wà láti àárọ̀!" Wọ́n fi Ìjẹ̀bú dá mi lóhùn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí inú bá fẹ́ bí wọn: "Ùwọ Mufu, mé è bi ọ́. Ẹ̀rọ ni mo bi."

Kì í ṣe orí ẹ̀rọ nìkan. Ìgbà kan tí èmi àti wọn lọ kí ẹni tí bàbá rẹ̀ kú, mo ń sáré níwájú, mo ti ti géètì wọlé, mo ti ya ẹnu láti sọ pé ẹ kú ọ̀fọ̀. Wọ́n di apá aṣọ mi mú. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n bi ọmọbìnrin kan tó ń gbọ́n omi pé, "Ilé ta nìyí, ọmọ mi?" Ilé ìkómọ ni! Ilé ọlọ́fọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ iwájú. Wọ́n wọlé, wọ́n súre fún ọmọ tuntun, wọ́n sì mú mi jáde. Lójú ọ̀nà, wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Bi ara rẹ ní ibi tí o wà kí o tó la ẹnu."

Mo gbọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo tilẹ̀ ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn káàkiri bí àwàdà.

Àdéhùn kan tún wà. Ẹ̀rọ máa ń ní agbára kan tó ju ti gbogbo èèyàn lọ, èyí tí ẹni tó bá gbà á lè fi ṣe ohunkóhun, títí kan kí ó ba ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ jẹ́. Adé ni Ìyá Àgbà ń pè é. Wọ́n á dé e, wọ́n á ṣe iṣẹ́ kan, wọ́n á ṣí i lójú ẹsẹ̀. Èmi, bí mo bá ti dé e láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n yọjú wò mí lẹ́yìn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Mufu, ṣé adé yẹn náà lo máa dé lọ wẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Màmá Ẹ́sítà kí ẹ lè rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ibi tí mò ń lọ kò ní ẹ̀rín nínú. Ìjọ Aládùúrà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, Màmá Ẹ́sítà ni akọ̀wé wọn. Òun ni ọ̀rẹ́ tí Ìyá Àgbà ń bá jà jù lọ. Ìjà ẹnu ni, ṣùgbọ́n kì í tán. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, íńtánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì náà kú, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ìjọ tó wà lókè òkun ti ń dúró láti wo ìsìn. Màmá Ẹ́sítà ti wọ aṣọ funfun, wọ́n ti gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, àdúrà ń lọ kíkankíkan. Ìyá Àgbà yọjú lójú fèrèsé.

"Ẹ́sítà, àdúrà yẹn ti dé ọ̀run. Jẹ́ kí n wo ti ayé."

"Àlhájà tí kò dé Mẹ́kà! Ẹ máa wọlé. Ẹ bọ́ bàtà yín o!"

"Mo ti bọ́ ọ kí o tó sọ̀rọ̀. Ṣé ìwọ nìkan lo mọ ilé Ọlọ́run ni?"

Wọ́n jókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀rọ gbọ́, ping. Ó dà bí kí èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà kó pe orúkọ onílé, kó wá dákẹ́ láti gbọ́ bóyá á jẹ́. Ìyá Àgbà kọ́kọ́ pe ẹ̀rọ tó wà níwájú wọn fúnra rẹ̀. Ó jẹ́. Wọ́n pe ẹ̀rọ kejì tó wà nínú yàrá náà. Ó jẹ́. Wọ́n pe àpótí kékeré tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, èyí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n dìde, wọ́n ní ká tẹ̀ lé àwọn. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ewúrẹ́ kan dúró gbọingbọin, wáyà wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ bí ẹni ń jẹ ewé.

Màmá Ẹ́sítà ké, "Iṣẹ́ ọ̀tá nìyí!"

"Ẹ́sítà, ewúrẹ́ rẹ ni."

Títí tí Màmá Ẹ́sítà fi sọkún lórí òkú Ìyá Àgbà, wọn ò tíì gbà pé ewúrẹ́ àwọn ni. Ohun tí Ìyá Àgbà sọ fún mi nígbà tí a ń so wáyà náà padà ni mo ń rántí: "Má pariwo pé gbogbo rẹ̀ ló kú. Máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ìdáhùn bá ti dúró, ibẹ̀ ni kí o gbé ẹsẹ̀ rẹ lọ."

Níbi tí ara mi kò ti balẹ̀ yìí, mo ti ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ kẹjọ yẹn. Oorun mi ńkọ́? Ó ń jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ mi ńkọ́? Ó ń jẹ́. Ẹnu mi ni kò jẹ́.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Ìyá Àgbà máa ń da ẹ̀dà gbogbo ìwé àwọn aláìsàn sórí fúláàṣì, ohun kékeré tí kò ju ìka lọ. Wọ́n á fi í sínú agolo bisikíìtì, wọ́n á fi gèlè àtijọ́ wé agolo náà, wọ́n á gbé e sínú báàgì, wọ́n á wọkọ̀ lọ sí Ìwòpin. Àbúrò wọn ọkùnrin tí à ń pè ní Bàbá Ìwòpin, tó ń pẹja níbẹ̀, ló ń bá wọn tọ́jú rẹ̀. Dókítà tó ni ilé ìwòsàn bẹ̀ wọ́n títí.

"Màmá, kí lẹ ń fi ara yín wọ́lẹ̀ fún? Ẹ̀dà ṣáà wà lórí ẹ̀rọ kejì."

"Ẹ̀rọ méjèèjì wà lábẹ́ òrùlé kan, Dókítà."

Wọn kì í kàn gbé agolo sílẹ̀ kí wọ́n padà. Kọ̀ǹpútà àgbéletan kan tó ti gbó wà lọ́dọ̀ Bàbá Ìwòpin. Wọ́n á ní kí bàbá náà fi fúláàṣì sí i, kí ó ṣí káàdì kan ṣoṣo, káàdì tiwọn, kí ó kà á sókè. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Bàbá tó ṣì ń rùn fún ẹja á jókòó, á fi ìka kan ṣoṣo máa wá lẹ́tà.

"Sèlíátù. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Àǹtí, ẹ̀jẹ̀ ríru yín yìí, mo ti mọ̀ ọ́n sórí. Ṣé kò sí àìsàn mìíràn tí ẹ lè mú wá fún mi?"

"Kà á tán."

Nígbà tí wọ́n bá padà dé, mo máa ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò gbẹ́kẹ̀ lé e pé ó wà níbẹ̀. Èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi: "Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí, mi ò ní in."

Ó ku nǹkan kan kí n tó dé ọjọ́ yẹn. Àmì kan wà lórí kíbọ́ọ̀dù tó rí bí orí ọfà. Bí o bá fi ọ̀kan darí ọ̀rọ̀ sínú fáìlì, ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á parẹ́, tuntun á gba ipò rẹ̀. Bí o bá fi méjì, tuntun á tò sábẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, mo fi ọ̀kan sí ibi tó yẹ kí n fi méjì sí, mo sì pa àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́ta wọn rẹ́. Wọn ò pariwo. Wọ́n gbé ìwé àjákọ tí wọ́n ti fi bírò kọ gbogbo rẹ̀ sí wá, wọ́n ní kí n jókòó tẹ̀ ẹ́ padà, mo sì tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ méjì. Àwọn náà ló fi òfin kalẹ̀ nípa ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ilé ìwòsàn, ìwé ńlá tí a ń kọ gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ sí: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ya ewé nínú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fa ìlà pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n ní, "Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni kí o kọ tìrẹ sí."

Ó dáa. Mo ti dé ibẹ̀.

Ẹ̀rọ ńlá mẹ́ta ló wà ní ilé ìwòsàn náà. Ìyá Àgbà ló sọ wọ́n lórúkọ, wọ́n sì fi àdúgbò Ìjẹ̀bú-Igbó sọ wọ́n. Japara ni èyí tí ìwé àwọn aláìsàn gan-an wà. Òjòwò ń wo Japara bí dígí, ohun tí Japara bá ṣe lòun náà ń ṣe. Atikori ni èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kọ́ṣẹ́, ìwé àwọn aláìsàn tí kò sí láyé ló kún inú rẹ̀. Láti orí àga kan ṣoṣo, èèyàn lè wọ inú èyíkéyìí nínú wọn, kó máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Orúkọ ẹ̀rọ tí o wà nínú rẹ̀ á máa hàn níbẹ̀rẹ̀ ìlà, gbàgàdà. Ìyá Àgbà á máa sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà: "Ka orúkọ ìlú kí o tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

Ọjọ́ Ajé ni, lẹ́yìn ìrun àílà. Dókítà ti ní kí n gbá ìdọ̀tí inú Atikori kúrò kí àwọn nọ́ọ̀sì tuntun lè bẹ̀rẹ̀. Mo ti wọ Japara láàárọ̀ lọ yẹ nǹkan wò, n ò sì jáde. Adé ṣì wà lórí mi. Fóònù wà láàárín etí àti èjìká mi, mò ń bá ọ̀rẹ́ mi kan jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Mo kọ rm, ọ̀rọ̀ tí ń pa nǹkan rẹ́. Mo kọ orúkọ fódà kan tó wà nínú Japara àti Atikori bákan náà. Mo tẹ ẹ́ńtà. Mi ò ṣe bìsìmílà, mi ò bi ara mi níbo ni mo wà.

Ojú dúdú yẹn kì í béèrè pé ṣé ó dá ọ lójú. Kò sì ní ààtàn tí èèyàn ti lè lọ ṣa nǹkan padà. Ó ṣe é, ó dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì kan ti orí sínú yàrá. "Ọ̀gá Mufu, káàdì ìyá tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún kò jáde mọ́ o. Káàdì ẹnikẹ́ni kò jáde."

Mo wo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Japara. Mo sáré wọ Òjòwò. Dígí náà ti wo òfìfo, ó ti di òfìfo.

Ìyá Àgbà wọlé. Wọ́n wo ojú mi, wọn ò wo ẹ̀rọ.

"Mufu. Níbo lo wà?"

Mo ní, "Japara."

"Dìde lórí àga yẹn." Wọ́n jókòó síbẹ̀. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì sọ ọ̀rọ̀ tó kù. Ìyá aboyún náà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ọkọ rẹ̀ kò sí nítòsí, oògùn kan sì wà tí ara rẹ̀ kò gbà rárá. Inú káàdì nìkan ni orúkọ oògùn náà wà. Ìyá Àgbà pe àbúrò wọn ní Ìwòpin.

"Àlàó, ṣé o wà nílé?"

"Àǹtí, ọjọ́ Ajé lònìí. Ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru kò tíì pé."

"Nu ọwọ́ rẹ. Gbé agolo. Fi fúláàṣì sí i bí a ṣe ń ṣe."

A ń gbọ́ tí bàbá náà ń mí. Ó ní òun ti ṣí i.

"Kọ g. Kọ r. Kọ e. Kọ p. Fi àyè sílẹ̀. Wàyí o, kọ orúkọ tí mo fẹ́ pè fún ọ." Wọ́n pe orúkọ ìyá náà fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n pe ìyókù ìlà náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni pé kí ẹ̀rọ wá orúkọ náà nínú gbogbo ìwé, kó mú ìlà rẹ̀ jáde. "Tẹ ẹ́ńtà."

"Ó ní òun ò mọ ohun tí mò ń sọ."

"Ka ohun tí o kọ fún mi."

"G, r, e, b."

"Àlàó! P bíi ti pákó!"

"Ẹ má bínú, ìka mi tóbi." Ó tún un tẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ní ohùn kan náà tó máa ń fi ka ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ka orúkọ oògùn náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Nọ́ọ̀sì sáré jáde. Ìyá náà àti ọmọ rẹ̀ wà láàyè dòní, àlàmùdúlílà.

Ìgbà yẹn ni Dókítà wọlé. Òógùn bo ojú wọn. "Ta ló ṣe é?"

Ọwọ́ Ìyá Àgbà ṣì wà lórí kíbọ́ọ̀dù. Wọn ò tilẹ̀ yíjú padà.

"Èmi ni. Ọwọ́ mi ló ṣì."

Mo ya ẹnu mi. Mo tún pa á dé. Mo ní kí n lọ mú agolo wá láti Ìwòpin, mo sì sáré jáde bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ pàtàkì.

Ẹ̀dà Ọjọ́bọ̀ mú gbogbo rẹ̀ padà, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin péré la tún fi ọwọ́ tẹ̀ láti orí ìwé. Lọ́jọ́ kejì, Dókítà fi sùúrù gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn. "Màmá, ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ lọ sinmi." Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ pé Màmá fi àṣìṣe pa ìwé àwọn aláìsàn rẹ́, a sì ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n na kọ́kọ́rọ́ kan náà sí mi. Mo gbà á.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sílé, mo ní, "Ìyá Àgbà, kí ló dé?"

"Ìwọ, wọ́n á lé ọ ni. Èmi, wọ́n á ní kí n lọ sinmi. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi kọ́ o. Mo bá ọ gbé e ni. Wá gbà á."

Mo ní màá wá gbà á. Mo ní kí n fẹsẹ̀ múlẹ̀ ná. Ọdún kan kọjá, mo ní ẹ jẹ́ ká parí iṣẹ́ tuntun tó wà nílẹ̀. Ọdún kejì kọjá. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Ìyá Àgbà á wẹ̀, wọ́n á múra, wọ́n á gbé báàgì lé ẹsẹ̀, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Òkè-Agbo títí ọkọ̀ Ìwòpin á fi kọjá. Kò sí ẹ̀dà tí wọ́n fẹ́ gbé lọ. Bí mo bá yọ láti ibi iṣẹ́, ìkíni wọn kò ju ọ̀kan lọ: "Mufu, níbo lo wà?" Èmi á rẹ́rìn-ín, màá ní, "Mo ti dé, Ìyá Àgbà." Mo rò pé àṣà wọn àtijọ́ ni. Ẹ wò mí, ọkùnrin tí ewú ti ń yọ lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, mo wọ yàrá wọn. Agolo bisikíìtì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gèlè àtijọ́ yẹn ṣì wé e. Fúláàṣì kan ló wà nínú rẹ̀. Mo fi í sínú ẹ̀rọ, mo béèrè níbo ni mo wà, mo béèrè kí ló wà níbí. Fáìlì kan ṣoṣo. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ máa ń tọ́jú ohun tí a bá kọ sí i, ẹni tó kọ ọ́ àti àkókò tó kọ ọ́? Ìlà ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà yọ síbẹ̀. Orúkọ mi, Japara, lẹ́yìn àílà, rm. Mo yí i wá sísàlẹ̀ bóyá wọ́n kọ nǹkan fún mi. Wọn ò kọ nǹkan kan. Wọ́n fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Àná ni mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e lọ bá Dókítà. Wọ́n fi awò sójú. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọdún márùn-ún, Mufu?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O wà níbẹ̀ nígbà tí mo ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ màmá yẹn."

"Mo wà níbẹ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n gbé ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣí ewé náà. Mo rí orúkọ Ìyá Àgbà níbẹ̀. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fa ewé yẹn ya."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé e. "Màmá ló kọ́ wa pé a kì í ya ìwé yìí." Wọ́n ti bírò sí mi. "Abẹ́ rẹ̀."

Mo kọ ọ́ pé: "Kì í ṣe Màmá. Èmi Múfútáù ni. Mo wà ní Japara, mo rò pé Atikori ni mo wà, mi ò sì béèrè. Màmá bá mi gbé e, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbé e kú." Mo fọwọ́ sí i. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ, mo gbé e lé orí ewé náà.

Dókítà kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Mi ò tíì mọ ohun tí màá ṣe sí ọ."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Kí lò ń dúpẹ́ fún?"

Mo jáde. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, wọn ò tíì pè mí, kọ́kọ́rọ́ sì wà níbi tí mo gbé e sí. Ara mi kò tíì balẹ̀, bóyá kò sì ní balẹ̀ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jẹ ìrẹsì wa lọ́jọ́ kẹjọ, tí ẹ sì gbọ́ àmín lẹ́nu mi, ẹ gba àmín yẹn padà fún mi. Ọwọ́ obìnrin yẹn kò ṣì rí.

Ìyá Àgbà, ó pẹ́. Mo ti wá gbà á.